Fáìlì tí páípùláìnì RV tú sílẹ̀ fún yín: bẹ́ẹ ṣe máa kà á látorí hẹ́dà títí dé orí àtẹ

Ẹ dáńlóòdù alẹ́ kan ṣoṣo lórí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, ẹ tú u, lẹ́ẹ bá rí fáìlì rẹpẹtẹ, orúkọ wọn gùn gbọọrọ, wọ́n sì jọra débi pé ojú á máa ṣe bàìbàì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré wá nọ́ńbà kan, ìyẹn RV, ìyára tí ìràwọ̀ fi ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tàbí tó fi ń lọ, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ò ní kẹ́ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nọ́ńbà yẹn ló kẹ́yìn nínú gbogbo iṣẹ́ tí páípùláìnì, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń sọ àwòrán kámẹ́rà di dátà, ṣe, ohun tó máa bà á jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kó tó débẹ̀, inú àwọn fáìlì tẹ́ẹ fẹ́ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn gan-an lẹ́ẹ ti máa mọ̀ bóyá kẹ́ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ sì wo bí nǹkan tá à ń wá ṣe kéré tó. 51 Pegasi b, plánẹ́ẹ̀tì tí Michel Mayor àti Didier Queloz kéde ní 1995, ń mi ìràwọ̀ ẹ̀ síwá sẹ́yìn ní nǹkan bíi mítà 56 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, ìyẹn ṣì pọ̀. Jupiter ń mi oòrùn wa ní bíi mítà 12.5, ayé tá a wà yìí ò ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ. Lórí kámẹ́rà HARPS, ẹ̀rọ kan tó ń pín ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, mítà 1 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan ò ju bíi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún píksẹ́lì kan lọ. Ẹ ò lè fojú rí i, ẹ ò sì lè máa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú fáìlì tó gbé e wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fi ìrù orúkọ dá fáìlì mọ̀

HARPS ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí fáìlì ẹ̀ pọ̀ níta gan-an, ó wà lórí tẹlisíkóòpù onímítà 3.6 ti ESO, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń wo ìràwọ̀, ní La Silla ní Chile, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 2003. Orúkọ fáìlì kan á rí báyìí:

HARPS.2010-03-12T04:15:22.318_ccf_G2_A.fits

Déètì àti aago tó wà láàárín yẹn ni ìgbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìmọ́lẹ̀, aago UT ni, kì í ṣe aago ìlú tẹ́ẹ wà. Ẹni tó bá ń lo Windows, kólọ́ọ̀nù tó wà nínú aago yẹn, Windows ò gbà á nínú orúkọ fáìlì, ó lè fi àmì míì rọ́pò ẹ̀ tàbí kó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò tú u, ẹ má rò pé fáìlì ló bàjẹ́.

Ìrù orúkọ ló sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. A ni fáíbà tó gbé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ wá, B ni fáíbà kejì, èyí tó lè máa wo ojú ọ̀run lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ náà tàbí kó máa gba ìmọ́lẹ̀ iná calibration, iná tí a ti mọ ìgbì ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ, lásìkò kan náà. Tẹ́ẹ bá rí e2ds_A, spectrum, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti pín sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti yọ kúrò nínú àwòrán àmọ́ tí wọn ò tíì lẹ̀ pọ̀ nìyẹn, ìlà 72, ìlà kọ̀ọ̀kan ní píksẹ́lì 4096, ìlà kan fún order kan, ìyẹn apá kan lára spectrum náà. Nínú s1d_A, wọ́n ti lẹ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀ di ọ̀já kan ṣoṣo látorí bíi nanomítà 378 dé 691, Angstrom 0.01 ló sì fi ń gbẹ́sẹ̀. ccf_G2_A ló ń gbé RV àti CCF, ìyẹn gíráàfù oníkòtò tí wọ́n ti ń wọn RV, bis_G2_A ló ń sọ bóyá kòtò inú CCF yẹn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. G2 tó wà níbẹ̀ ni orúkọ mask (ẹ máa rí ohun tó jẹ́ ní ìgbésẹ̀ kẹrin), ẹ lè bá K5 tàbí M2 pàdé dípò ẹ̀, ó dá lórí irú ìràwọ̀ tí wọ́n rò pé ó jẹ́.

Tó bá jẹ́ pé inú àká ESO lẹ ti gbà á, fáìlì tó kọ́kọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́ á máa jẹ́ ADP pẹ̀lú déètì lẹ́yìn ẹ̀. Spectrum ọlọ́já kan ṣoṣo náà nìyẹn, wọ́n tò ó sínú àtẹ tó ní WAVE, FLUX àti ERR. Ẹni tó bá wá CCF nínú ẹ̀ á wá a tì, inú fáìlì tar tó ń bá a rìn ni CCF, bis àti e2ds wà, ẹ rí i pé ẹ mú òun náà. Ẹ má sì yí orúkọ kankan padà, torí déètì inú orúkọ yẹn lẹ máa fi so ccf mọ́ bis mọ́ e2ds nígbà tẹ́ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́ta níwájú yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣí hẹ́dà kẹ́ẹ tó wo ohunkóhun

FITS ni gbogbo wọn. Hẹ́dà ló máa ń wà lókè, ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 80, dátà á wá tẹ̀lé e. Python àti astropy ti tó fún gbogbo ohun tá a fẹ́ ṣe:

from astropy.io import fits
import numpy as np
hd = fits.open(f)
hd.info()
h = hd[0].header

Ẹ máa rí i pé orúkọ kókó-ọ̀rọ̀ tó gùn níbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HIERARCH. Nínú astropy ẹ yọ HIERARCH yẹn kúrò, ẹ kọ ìyókù bó ṣe wà, bíi h['ESO DRS CCF RVC']. Ẹni tó bá ń lo HARPS-N, ìbejì HARPS tó wà ní La Palma, TNG, orúkọ tẹlisíkóòpù ẹ̀, ló máa wà níbi tí ESO wà yẹn, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí náà kóòdù tó bá ṣiṣẹ́ níbí tí kò ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbéèrè tẹ́ẹ máa bi hẹ́dà

Kẹ́ẹ tó wo RV rárá, ẹ bi í ní àwọn nǹkan yìí.

Ṣé ìràwọ̀ mi nìyí? OBJECT ni orúkọ tí ẹni tó jókòó sídìí tẹlisíkóòpù lóru yẹn kọ, ìràwọ̀ kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta nínú fódà kan, ẹlòmíì kọ Proxima, ẹlòmíì kọ GJ 551, ẹlòmíì ṣì máa fi àlàfo sáàárín tàbí kó má fi sí. Ẹ fi RA àti DEC bá a wí, ìyẹn ò ń parọ́ tó orúkọ.

Irú ìṣàkíyèsí wo ni? ESO DPR TYPE á sọ ọ́. Tó bá ní STAR,WAVE, ìràwọ̀ wà lórí A, iná calibration wà lórí B, drift, ìyẹn bí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣeé wọ̀n nìyẹn. Tó bá jẹ́ STAR,SKY, ojú ọ̀run ló wà lórí B, ẹ ò ní drift lásìkò náà àmọ́ ẹ rí ohun tẹ́ẹ lè fi mọ̀ bóyá òṣùpá dà sí i. Ẹ tún wo ESO INS MODE, EGGS ò jọ HARPS, fáíbà ẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ kó lè gba ìmọ́lẹ̀ sí i, ìdúróṣinṣin RV ẹ̀ ò sì tó, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn.

Ìmọ́lẹ̀ tó wọlé tó? ESO DRS SPE EXT SN50 ni SNR, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sí ariwo, ní order 50, nítòsí nanomítà 550, àárín tó dáa fún irú oòrùn. Tèmi ni pé tó bá ti wà lábẹ́ 20 màá fi àmì sí i, mi ò ní pa á rẹ́, torí ìràwọ̀ pupa kékeré máa ń ṣókùnkùn ní apá yẹn, ó sì lè dáa ní àwọn order tó wà lókè. Fún irú ìyẹn, ẹ wo SN60 tàbí SN65 pẹ̀lú ẹ̀.

Calibration wo ni wọ́n lò? ESO DRS CAL TH FILE á dárúkọ fáìlì tí wọ́n fi so píksẹ́lì mọ́ gígùn ìgbì. Déètì inú orúkọ yẹn yẹ kó jẹ́ ti ọ̀sán tó ṣáájú òru ìṣàkíyèsí yín. Tó bá ti lọ jìnnà sẹ́yìn, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, páípùláìnì kàn mú èyí tó sún mọ́ ọn jù ni. Mi ò tíì rí ohun tí àwọn èèyàn máa ń fò dá tó báyìí, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń ṣàlàyé point kan tó dá wà lókè gíráàfù tí gbogbo wọn á máa pè ní àràmàǹdà.

Lẹ́yìn náà ESO DRS DRIFT QC, ó yẹ kó ní PASSED, ESO DRS DRIFT RV USED á sì sọ iye drift tí wọ́n lò. ESO DRS VERSION ni ẹ̀dà páípùláìnì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ ya CCF, ẹ fojú rí i

Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ jù. Mask jẹ́ àkójọ ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà dúdú yẹ kó wà nínú spectrum, páípùláìnì á máa sún un síwá sẹ́yìn lórí e2ds, ìyára kan lẹ́yìn òmíràn, ibi tó bá ti bá àwọn ìlà dúdú mu jù ni kòtò á ti jìn jù. Kòtò yẹn ló dà bí ìlà dúdú kan ṣoṣo tó kó gbogbo àwọn tó kù sínú. Láti yà á:

ccf = hd[0].data
v = h['CRVAL1'] + h['CDELT1'] * np.arange(h['NAXIS1'])
y = ccf[-1]

Ìlà ìkẹyìn, ìyẹn [-1], ni àpapọ̀ gbogbo order, àwọn tó ṣáájú ẹ̀ ni order kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìlà fi jẹ́ 73 dípò 72. Ẹni tó bá lọ ṣe àròpọ̀ gbogbo ìlà fúnra ẹ̀ láìyọ ìkẹyìn ti ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà tó bá jẹ́ òdo látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mask ò ní nǹkan kan níbẹ̀ ni, kì í ṣe àléébù. v wà ní kìlómítà ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, ó sì sábà máa ń fi 0.25 gbẹ́sẹ̀.

Ẹ wá wo bó ṣe rí. Kòtò kan tó mọ́, tó dúró sí nǹkan bí àárín, ó dáa. Kòtò méjì, ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, RV tó wà nínú hẹ́dà ò ní ìtumọ̀ kankan fún yín nìyẹn nítorí Gaussian kan, ìlà onírísí agogo, ni wọ́n fi bá méjì mu. Kòtò tó fẹ̀ tí kò jìn, ìràwọ̀ náà ń yí kánkán, àyè àṣìṣe ẹ̀ á tóbi, ẹ má retí mítà 1 lọ́dọ̀ ẹ̀ láé. Kòtò tó fara ti etí, ẹni tó kọ ìyára ìràwọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kọ ọ́ ṣì, wọ́n gbọ́dọ̀ tún CCF náà ṣe pẹ̀lú ìyára tó tọ́. Tí kò bá wá sí kòtò rárá, ìmọ́lẹ̀ ò wọlé, àbí mask ò bá ìràwọ̀ mu, àbí ìràwọ̀ mìíràn pátápátá ni wọ́n kọjú sí.

Lẹ́yìn tẹ́ẹ ti rí i, ẹ fi Gaussian tiyín bá a mu, ẹ wò ó bóyá ó bá ti wọn dọ́gba. Ẹ̀yà méjì RV ló wà nínú hẹ́dà: ESO DRS CCF RV ni èyí tí wọn ò tíì yọ drift kúrò, ESO DRS CCF RVC ni wọ́n ti yọ ọ́. RVC lẹ máa lò, àmọ́ nọ́ńbà tí Gaussian yín bá mú jáde, RV ló máa bá mu, kì í ṣe RVC, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í da ara yín láàmú pé ẹ yàtọ̀ sí wọn ní mítà mélòó kan. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ sọ ọ́ di mítà, kó bá iye drift yẹn dọ́gba.

Ẹ sì ṣọ́ra fún unit, jọ̀wọ́. RV, RVC àti CCF NOISE wà ní kìlómítà ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, FWHM, ìyẹn ìbú kòtò, náà bẹ́ẹ̀. DRIFT RV USED àti DVRMS wà ní mítà. CONTRAST, ìyẹn bí kòtò ṣe jìn tó, wà ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Inú hẹ́dà kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí. CCF NOISE tó jẹ́ 0.0008, mítà 0.8 nìyẹn, ariwo fótónì nìkan ló sì kà, kò mọ nǹkan kan nípa ìràwọ̀ tí ojú ẹ̀ ń hó, kò mọ̀ nípa calibration tó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tó bá fi òun nìkan ṣe àyè àṣìṣe á máa rò pé òun rí plánẹ́ẹ̀tì níbi gbogbo.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: aago àti BERV

Ayé ń yí oòrùn po ní bíi kìlómítà 30 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan, ó tún ń yí lórí ara ẹ̀, kí páípùláìnì tó lè sọ ìyára ìràwọ̀ ó gbọ́dọ̀ yọ gbogbo ìyẹn kúrò. Iye tó yọ ni ESO DRS BERV. RV àti RVC tẹ́ẹ ní yìí, wọ́n ti yọ ọ́ tán, ẹ má tún un yọ. Tí gíráàfù yín bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ọ̀pọ̀ kìlómítà, ẹ ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, kò sí ohun míì.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: gígùn ìgbì inú e2ds ṣì wà bí a ṣe rí i láti orí ilẹ̀, BERV ò tíì kàn án, ti s1d ti lọ sí àárín gbùngbùn ìdílé oòrùn. Ẹni tó bá gbé méjèèjì lé ara wọn lórí gíráàfù kan á rí ìlà dúdú tó yẹ̀ síra wọn, ohun tó fà á nìyẹn.

Aago ńkọ́? DATE-OBS àti MJD-OBS jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Kẹ́ẹ fi 2400000.5 kún MJD kó di JD, ìyẹn rọrùn, àmọ́ kì í ṣe òun lẹ fẹ́. ESO DRS BJD lẹ fẹ́, òun ti gbé àkókò lọ sí àárín ìṣàkíyèsí, ó sì ti ṣírò ìrìn ìmọ́lẹ̀ dé àárín gbùngbùn ìdílé oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ń gbà tó sẹ́kọ́ọ̀ǹdù 499 láti oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa nítorí náà ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Àárín tí mo sọ yẹn náà, kì í ṣe ìdajì àkókò lásán o, tí kùrukùru bá bo ìràwọ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ á jẹ́ ti ìdajì kejì, ìdí nìyẹn tí mítà ìmọ́lẹ̀ fi wà nínú ẹ̀rọ náà, ESO INS DET1 TMMEAN ló ń sọ ibi tí àárín gidi bọ́ sí, 0.5 ló yẹ kó sún mọ́. Bí ayé ṣe ń yí lórí ara ẹ̀ nìkan lè sún BERV ní nǹkan bíi mítà 2 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ fi ṣì í, plánẹ́ẹ̀tì kékeré ti sọ nù.

BERV tún wúlò fún òṣùpá. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti oòrùn ni, nítorí náà spectrum oòrùn ló máa dà sínú ti ìràwọ̀ yín, nínú CCF kòtò ẹ̀ á jókòó sí tòsí iye BERV alẹ́ yẹn. Tí BERV bá jìnnà sí RV ìràwọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ sí wàhálà. Tí méjèèjì bá sún mọ́ra, tí ìràwọ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí òṣùpá sì wà nítòsí, ẹ fi àmì sí point yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tẹ́ẹ bá fẹ́ spectrum gan-an

Èyí ò kan gbogbo yín, ẹni tó fẹ́ RV nìkan lè fò ó. e2ds ò gbé gígùn ìgbì wá gẹ́gẹ́ bí àtẹ, inú hẹ́dà lẹ ti máa ṣírò ẹ̀. ESO DRS CAL TH DEG LL á sọ digrí polynomial, 3 ló sábà máa ń jẹ́, ESO DRS CAL TH COEFF LL0, LL1, LL2 títí lọ á gbé àwọn ìsọdipúpọ̀ wá, mẹ́rin fún order kọ̀ọ̀kan:

d = h['ESO DRS CAL TH DEG LL']
x = np.arange(4096)
w = sum(h['ESO DRS CAL TH COEFF LL%d' % (i + o*(d+1))] * x**i for i in range(d+1))

o yẹn ni nọ́ńbà order, látorí 0. Order kọ̀ọ̀kan á mọ́lẹ̀ láàárín, á ṣókùnkùn ní etí méjèèjì, blaze nìyẹn, fáìlì tó máa tẹ́ ẹ wà nínú ESO DRS BLAZE FILE, ẹ fi pín e2ds. Tí kò bá sí nínú tar, ẹ lọ wá a pẹ̀lú orúkọ yẹn gẹ́lẹ́.

s1d dáa fún fífojú wò, fún Hα ní Angstrom 6562.8, fún Ca II H àti K ní 3968.47 àti 3933.66 tí wọ́n fi ń wọn bí ojú ìràwọ̀ ṣe ń ru sókè. Àmọ́ mi ò ní wọn RV kékeré lórí ẹ̀, wọ́n ti na dátà yẹn, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Àlàfo kan sì wà láàárín nanomítà 530.4 àti 533.8, àárín CCD méjèèjì ni, kò sí ohun tó sọ nù lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ keje: tó bá jẹ́ ESPRESSO tàbí SERVAL

ESPRESSO, ẹ̀rọ bíi HARPS tó wà lórí tẹlisíkóòpù VLT ní Paranal, sọ orúkọ míì: S2D_A dúró fún e2ds, S1D_A fún s1d, CCF_A fún ccf, àwọn tó ní SKYSUB ni wọ́n ti yọ ojú ọ̀run kúrò. Nínú S2D ẹ máa bá ìlà 170 pàdé, ẹ má bẹ̀rù, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n là sí méjì kó tó wọlé, nítorí náà order kọ̀ọ̀kan farahàn lẹ́ẹ̀mejì. hd[0] ẹ̀ hẹ́dà nìkan ni, dátà wà nínú SCIDATA, àyè àṣìṣe nínú ERRDATA, píksẹ́lì tó bàjẹ́ nínú QUALDATA, gígùn ìgbì sì wà ní ọ̀nà méjì, WAVEDATA_VAC_BARY àti WAVEDATA_AIR_BARY. Ẹ mọ èyí tẹ́ẹ mú. Gígùn ìgbì nínú òfìfo àti nínú afẹ́fẹ́ fi bíi Angstrom 1.4 yàtọ̀ ní 5000, tẹ́ẹ bá sọ ìyẹn di ìyára, ó ju kìlómítà 80 ní sẹ́kọ́ọ̀ǹdù kan lọ. Ti HARPS àtijọ́, afẹ́fẹ́ ni. Kókó-ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀, ESO QC CCF RV, ESO QC CCF RV ERROR, ESO QC CCF FWHM, ESO QC BJD, ESO QC BERV. Wọ́n ti sọ páípùláìnì ESPRESSO yìí di ti HARPS-N náà, nítorí náà ẹ lè bá HARPS-N kan náà nínú ẹ̀yà àtijọ́ àti tuntun, ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ kọ VERSION sílẹ̀ nìyẹn.

SERVAL, sọ́fítíwíà míì tó ń wọn RV, ò lo mask, ó máa ń kó gbogbo spectrum ìràwọ̀ kan jọ ṣe template, á wá fi template yẹn wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ìràwọ̀ pupa kékeré èmi á mú un ṣáájú CCF, torí ìlà dúdú wọn ti wọnú ara wọn débi pé mask ò lè kà wọ́n tán. Ohun tó ń tú jáde kì í ṣe FITS, fáìlì dat tẹ́ẹ lè fi ojú kà ni. rvc.dat ni RV tí wọ́n ti yọ drift àti ìyípadà tó wá látinú ìrìn ìràwọ̀ lójú ọ̀run kúrò, fún ìràwọ̀ Barnard ìyípadà yẹn tó mítà 4.5 lọ́dún. rvo.dat ni ti order kọ̀ọ̀kan, crx.dat ń sọ bóyá RV ń yí padà bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yí, dlw.dat ń sọ bóyá ìlà dúdú ń fẹ̀ tàbí ó ń tín-ín-rín. Mítà ni RV ibí yìí, kì í ṣe kìlómítà, òdo ẹ̀ sì jẹ́ ti template, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyára ìràwọ̀ gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú àtẹ kan

import glob
for f in sorted(glob.glob('*_ccf_*_A.fits')):
    h = fits.getheader(f)
    k = ['BJD', 'CCF RVC', 'CCF NOISE', 'CCF FWHM', 'CCF CONTRAST', 'BERV', 'SPE EXT SN50', 'CCF MASK', 'VERSION']
    print(f, *[h['ESO DRS ' + a] for a in k], sep='\t')

BIS, ìwọ̀n bí kòtò ṣe tẹ̀, ò sí níbẹ̀, inú fáìlì bis ló wà, ESO DRS BIS SPAN, ẹ lọ mú un pẹ̀lú déètì kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń tọ́jú àtẹ náà gẹ́gẹ́ bí rdb: ìlà àkọ́kọ́ orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, ìlà kejì dáàṣì lásán, ìyókù nọ́ńbà, táàbù ló ń pín wọn. Tí sọ́fítíwíà kan bá kọ̀ ọ́, ìlà dáàṣì yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un fún ẹ̀rọ, kẹ́ẹ sì pín ẹ̀rọ kan sí méjì níbi tó bá yẹ. Ní 2015 wọ́n pààrọ̀ fáíbà HARPS, RV fò, ìwọ̀n tó fi fò sì ń yàtọ̀ láti irú ìràwọ̀ kan sí òmíràn, nítorí náà HARPS ṣáájú àti HARPS lẹ́yìn jẹ́ ẹ̀rọ méjì lójú mi. ESPRESSO náà bẹ́ẹ̀ ní 2019. Mask G2 àti K5 lórí ìràwọ̀ kan náà, ẹ má dà wọ́n pọ̀, ẹ fi mask kan ṣoṣo tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí offset, ìyẹn ìyàtọ̀ òdo RV, ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà nínú model yín gẹ́gẹ́ bí nǹkan tẹ́ẹ ń wá, ẹ má kàn yọ àárín gbùngbùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kúrò kẹ́ẹ rò pé ó ti tán, nítorí tí point ẹ̀rọ kan bá kéré, tó sì jẹ́ apá òkè ìgbì plánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, ẹ ti gé plánẹ́ẹ̀tì yẹn sọ nù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: kẹ́ẹ tó pariwo

Ẹ ya RV pẹ̀lú BIS, RV pẹ̀lú FWHM, RV pẹ̀lú CONTRAST. Plánẹ́ẹ̀tì á sún gbogbo kòtò CCF lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní tẹ̀ ẹ́. Àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ á tẹ̀ ẹ́, BIS á máa bá RV rìn, ó sábà máa ń lọ sísàlẹ̀ bí RV ṣe ń lọ sókè. HD 166435 ni wọ́n fi máa ń kọ́ èèyàn: RV ẹ̀ ń yí ní gbogbo ọjọ́ 3.8, ó jọ plánẹ́ẹ̀tì dáadáa, Queloz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sì fi hàn ní 2001 pé àbàwọ́n ni. Inú fáìlì bis ló ti wá, fáìlì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣí rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ṣe periodogram, gíráàfù tó ń fi hàn ọjọ́ mélòó ni nǹkan fi ń tún ara ẹ̀ ṣe, fún RV, fún BIS, fún FWHM, kẹ́ẹ tún ṣe ti àwọn àkókò nìkan, kẹ́ẹ lè rí ọjọ́ 1 àti ọdún 1 tí ètò ìṣàkíyèsí fúnra ẹ̀ gbé wọlé. Ibi tí RV bá ti ga tí FWHM náà ga, ẹ fura sí i. Tí BERV bá ga níbẹ̀ náà, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún.

Ẹ wá tọ́jú fáìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rdb yẹn, ẹ kọ ẹ̀yà páípùláìnì, mask, ibi tẹ́ẹ ti pín ẹ̀rọ, àti orúkọ gbogbo fáìlì tẹ́ẹ yọ kúrò pẹ̀lú ìdí tẹ́ẹ fi yọ ọ́, SNR ni àbí drift ni àbí òṣùpá, torí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe máa bi yín ni pé àwọn alẹ́ tí kò sí nínú àtẹ yìí dà.